Òjò Ló Fún Mi Ní Láísẹ́ǹsì

Iye tí mo fi ra fọ́ọ̀mù láísẹ́ǹsì ní ọdún tó kọjá, bí mo bá lè gbé e padà sí ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ì bá ra ilẹ̀ tí mo kọ́lé sí, ì bá sì ṣẹ́kù. N kò sọ àsọdùn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkọ́lé ní Ìlọrin, náírà mẹ́ta ni àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ẹni tó bá ń tà á ní náírà mẹ́rin, orúkọ burúkú ni yóò fi sílẹ̀ ní ọjà. Lónìí, bí o bá mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọn yóò kọ́kọ́ wo ojú rẹ dáadáa kí wọ́n tó sọ fún ọ pé iye tàná nìyẹn. Ní yunifásítì tí mo lọ lókè Ọya, àádọ́ta kọ́bọ̀ la fi ń jẹun ọ̀sán, itan adìẹ á sì nà gbọọrọ lórí ìrẹsì. Ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Malete sọ fún mi pé àádọ́ta náírà gan-an kò dájú pé yóò ra omi inú ọ̀rá. Mo bi í bóyá ó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ́bọ̀. Ó ní òun ti rí i rí nínú ìwé ìṣirò.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n ọjà kọ́ ló ń bí mi nínú. Mo ti dàgbà kọjá kí n máa bá iye ọjà jà. Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tí wọ́n tà fún mi. Ẹ̀rí ni wọ́n tà fún mi, ẹ̀rí pé mo mọ iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí baba ẹni tó ń tà á kò tíì gbéyàwó.

Ilé-kéwú kan wà ní àdúgbò wa, ní ẹ̀yìn mọ́sáláṣí. Yàrá mẹ́ta ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí àwọn ọmọ máa ń jókòó sí, wàláà lórí itan. Àwa méje la kọ́ ọ, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá, ìjì ká páànù rẹ̀ kúrò ní apá kan, omi sì wọ inú ògiri tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn. Àdúgbò dá owó, wọ́n ní kí n wá bójú tó àtúnṣe rẹ̀. N kò lè gun àkàbà mọ́, ṣùgbọ́n mo lè jókòó sórí àga kí n máa sọ fún àwọn tó ń gùn ún ibi tí wọn yóò fi ẹsẹ̀ sí.

A ti já yanrìn sílẹ̀, a ti kó igi jọ, nígbà tí ọkùnrin kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yọ ọ̀dà pupa, ó fa ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá sára ògiri ìlà-oòrùn náà, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí iṣẹ́ dúró. Alángùá wa, tó jẹ́ olórí àdúgbò, béèrè ẹ̀ṣẹ̀ wa. Ọkùnrin náà ní ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ni ilé-kéwú, pé agbaṣẹ́ṣe tó ní láísẹ́ǹsì nìkan ló lè fọwọ́ kàn án. Bí àdúgbò kò bá rí agbaṣẹ́ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ́fíìsì yóò gbé tirẹ̀ wá.

A mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àdúgbò kan tí kò jìnnà sí wa ti rí irú rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ọ́fíìsì kì í tún nǹkan ṣe, wíwó ló máa ń wó o, nítorí iṣẹ́ titun ni owó ńlá wà nínú rẹ̀. Níbi tí àwọn ọmọ ti ń kéwú tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ló kọjú sí títì báyìí, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo sì fara pamọ́ sẹ́yìn wọn bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ní àdúgbò wa, èmi nìkan ló lọ kọ́ nípa ilé kíkọ́ ní yunifásítì. Alángùá wo ojú mi, ìmáàmù mọ́sáláṣí wa náà wo ojú mi. Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá láísẹ́ǹsì nìyẹn, ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wá eyín àtọwọ́dá.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì náà wà. Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé ló ń gba fọ́ọ̀mù. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fa àga fún mi, ó bu omi fún mi. N kò ní ọ̀rọ̀ burúkú kankan láti sọ nípa rẹ̀ títí dòní. Ó ka ohun tí wọ́n ń fẹ́ sí mi létí: ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ìwé owó-orí, lẹ́tà tó fi hàn pé mo ti parí ilé kan tí gbogbo ènìyàn ń lò rí, àti ẹni mẹ́ta tí a jọ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọn yóò wá fúnra wọn láti fi ìka tẹ ẹ̀rọ. Méjì àkọ́kọ́ wà nínú àpò mi. Nígbà tí mo sọ fún un pé n kò ní lẹ́tà, ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ó sì wọlé lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà kò ju ọjọ́ orí ọmọ mi kẹta lọ. Kò dìde. Ojú rẹ̀ wà lórí fóònù, ó wá ń yí ìwé mi bí ẹni ń wá òkúta nínú ẹ̀wà.

“Bàbá,” ó ní, “ta ló mọ̀ yín nídìí iṣẹ́ yìí?”

Ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ni mo ń wò. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí bí èépá, omi ti gùn ún láti ìsàlẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, nítorí ẹni tó kọ́ ọ kò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ láti dá omi ilẹ̀ dúró. Mo bi í bóyá ẹni tó kọ́ ilé tó jókòó sí yẹn ní láísẹ́ǹsì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láísẹ́ǹsì ńlá pàápàá. Mo ní kò yà mí lẹ́nu. Ọmọbìnrin oníhíjáàbù yára bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí bírò rẹ̀ já bọ́.

Ta ló mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, ó bá mi jókòó ti oúnjẹ, ó sì ń bá mi gbé títí di òní tí mo ń kọ èyí. Nítorí náà, kí n sọ bí wọ́n ṣe ń mọ ènìyàn nídìí iṣẹ́ yìí nígbà tiwa.

Ní àdúgbò wa nígbà náà, kò sí ẹni tí wọ́n ń gbé ilé fún kí ó kọ́ àyàfi tí òjò bá ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá dúró, wọn yóò ní kí ó mọ ògiri kan ṣoṣo sí gbangba, kí ó gbé e ga dé ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà bá nà dé. Wọn kò ní jẹ́ kí ó fi páànù bò ó, wọn kò sì ní jẹ́ kí ó rẹ́ ẹ. Ìhòòhò ni ògiri náà yóò wà, láti àkọ́rọ̀ òjò títí di àrọ̀kúrò. Bí ó bá wó, tàbí tó fẹ̀gbẹ́, kí ọ̀gbẹ́ni náà padà lọ máa po amọ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ó bá dúró, alfa yóò wá ṣe Fátíà ní ìdí rẹ̀, olórí àwọn bíríkìlà yóò fi àtẹ́lẹwọ́ lu ògiri náà, yóò sì sọ létí gbogbo ènìyàn pé, “Òjò ti rí i.” Ó parí. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ pé ta ló mọ̀ ọ́.

Èmi náà bínú sí àṣà yìí nígbà náà, n kò ní purọ́. Mo ti yunifásítì dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó nípọn tó pátákó, mo rò pé wọn yóò tẹ́ ẹní fún mi. Mo gbé e lọ fún baba tó jẹ́ olórí àwọn bíríkìlà wa. Baba náà kò lọ sí ilé-ìwé kankan àfi ilé-kéwú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbà á, ó yí i sókè, ó yí i sódò, ó yin ìwé náà, ó ní lẹ́tà rẹ̀ rẹwà. Ó wá dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Ó dára gan-an,” ó ní. “Ṣé òjò lè kà á?”

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé. Nígbà tí ara mi rọ̀, mo lọ mọ ògiri. Wọ́n fi ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí hàn mí, wọ́n ní kí n mọ ọ́n síbẹ̀, pé bí ó bá dúró, kí a kúkú fi bẹ̀rẹ̀ ilé-kéwú. Búlọ́ọ̀kù alámọ̀ ni, èyí tí a po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ gbogbo rẹ̀. Òjò ọdún náà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti ṣú, n kò ní lè jókòó, màá fi àpò sìmẹ́ǹtì bo orí, màá lọ dúró ti ògiri bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ìyá mi á pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé ṣé ó yẹ kí òtútù pa mí nítorí amọ̀. Lóòótọ́, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì kò yé mi tó bí ó ti yé mi ní òjò yẹn, tí mo ń wo ibi tí omi ń gbà àti ibi tí kò gbà.

Ó dúró. Ní àrọ̀kúrò, baba náà wá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú, ó sọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ti gba oríṣiríṣi ìwé láyé mi lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mú mi sunkún.

Ògiri tí mo ń wí yìí náà ni ògiri ìlà-oòrùn tí ọkùnrin ọ́fíìsì fi ọ̀dà pupa kùn.

Àwa méje la wá kọ́ ilé yòókù mọ́ ọn lára. Baba olórí bíríkìlà ni àkọ́kọ́ wa. Káfíńtà kan wà tó fi díẹ̀ jù mí lọ. Arẹ́lé kan, ẹni tó ń rẹ́ ògiri, wà láti àdúgbò Gámbàrí, Hausa ni àwọn baba ńlá rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ń fi Yorùbá búni, wàá rò pé ọba ló bí i. Bíríkìlà kan wà tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ọmọ Malete. Ẹnìkan ń po sìmẹ́ǹtì, ẹnìkan ń tẹ irin. Èmi ni mo ṣìkeje. A kò gba owó iṣẹ́. Fí sàbílílláhì la ṣe é, nítorí Ọlọ́run, láádá ọ̀run la ń wá.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe wa wà. Nígbà tí ilé parí, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan wá wò ó, orí rẹ̀ wú. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti lu òǹtẹ̀, ó sọ pé àwa méje yìí ti parí ilé-kéwú náà, iṣẹ́ náà sì pójú owó. Orúkọ wa wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kà á sí wọn létí. Inú gbogbo wa dùn àfi baba. Ó ní ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run tó wá gba ìwé ọpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó ti gba láádá rẹ̀ láyé nìyẹn, kí ó má retí òmíràn lọ́run. Ó ní kí a dá a padà. Kò sí ẹni tó jiyàn. Èmi alákọ̀wé wọn ni wọ́n ní kí n gbé e lọ, mo sì gbé e lọ, mo gbé àyà sókè lójú ọ̀nà bí ẹni tó ṣẹ́gun ayé. Òṣìṣẹ́ náà gbà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó wá a.

Ọjọ́ náà dé. Baba tí kò mọ̀wé ló ní kí a dá a padà, ṣùgbọ́n èmi tí mo mọ ohun tí ìwé jẹ́ ni mo fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ dá a padà. Bí mo ṣe ń bínú sí ọ́fíìsì yìí, kí a má tan ara wa, ìdajì ìbínú náà, ara mi ni mo ń bí sí.

Mo padà lọ sí ọ́fíìsì, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó jáde wá, ó ní wọ́n ti gbà pé kí Alángùá kọ lẹ́tà dípò tìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́ ara àwa méje yẹn, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlòmíràn. Mo ka ìka mi lójú rẹ̀. Baba olórí bíríkìlà ti kú. Ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì ti kú. Ẹni tó ń tẹ irin kó lọ sí Kàdúná, ibẹ̀ ló kú sí. Mẹ́ta ló ṣẹ́kù. Mẹ́ta gan-an.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà pé. Ọjà Tuntun ni mo kọ́kọ́ lọ, níbi tí arẹ́lé ti ń ta ìṣó àti àgádágodo láti ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kọ iṣẹ́. Ó wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí, ó ní ẹnìkan sọ fún òun pé mo ti kú, òun sì ti ṣe sàráà fún mi, nítorí náà kí n san owó mọ́sà tí òun pín padà. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi ń wá bàtà rẹ̀.

Káfíńtà wà ní àdúgbò Ṣàngó lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Etí rẹ̀ ti lọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń fi ẹnu sí i létí, ó ń túmọ̀ mi fún un bí ẹni ń túmọ̀ òyìnbó. Ó rò pé páànù la fẹ́ kan, ó ní kí wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ òun wá. Nígbà tó yé e pé ìka nìkan la fẹ́, ó ní ṣé fún ìka nìkan ni mo ṣe wá láti ọ̀nà jíjìn, pé kí n gé e lọ.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Malete láàárín àwọn ọmọ yunifásítì. Gbogbo wọn ń wo fóònù, kò sí ẹni tó wo oko tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Mo bá ọ̀rẹ́ mi bíríkìlà lábẹ́ igi káṣú ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó mọ̀ mí láti ara ẹsẹ̀ mi tó ń wọ́lẹ̀. Alákọ̀wé ló ń pè mí láti ìgbà èwe.

“Alákọ̀wé,” ó ní, “ìwé ò tíì tán? O kà á dé òkè Ọya, o tún padà wá ń wá a kiri oko.”

Mo ní wọ́n fẹ́ wó ògiri mi. Kò bá mi ṣàwàdà mọ́. Ó béèrè bóyá ó ti fẹ̀gbẹ́. Mo ní rárá, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Ó dìde, ó ní kí n jẹ́ kí òun wọ agbádá, òun kò lè jẹ́ kí ìjọba rí òun pẹ̀lú aṣọ oko.

Ọjọ́ tí a lọ, ọmọ káfíńtà di baba rẹ̀ mú lápá kan, èmi dì í mú lápá kejì, a gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, a sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọbìnrin oníhíjáàbù gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka jáde, nǹkan kékeré tó tó páálí ìṣáná. Arẹ́lé ló kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò sí i. Iná pupa. Ó fi ekejì sí i. Iná pupa. Ọmọbìnrin náà fi aṣọ nu ìka rẹ̀, ó fi òróró díẹ̀ pa á, ó ní kí ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Iná pupa. Ará Malete náà tẹ̀ ẹ́, bákan náà ni. Káfíńtà tẹ̀ ẹ́, bákan náà ni. A wá yẹ ìka wọn wò lójú fèrèsé. Dídán ni wọ́n ń dán bí òkúta odò, kò sí ìlà kankan lórí wọn. Sìmẹ́ǹtì ti jẹ ti àwọn méjì, igi àti pákó ti fá ti ẹnìkẹta.

Ọ̀gá jáde. Ó wo ẹ̀rọ, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní, “Ìka àwọn bàbá wọ̀nyí ò jáde. Ẹ mú ẹlòmíràn wá.”

Mo sọ fún un pé àwọn yòókù wà nínú ilẹ̀, méjì ní Ìlọrin, ọ̀kan ní Kàdúná, pé bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá lè dé ibẹ̀ kí ó gbé e lọ bá wọn. Ó ní òfin kọ́ ni òun dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni sùúrù mi tán.

“Gbọ́, ọmọ mi,” mo ní. “O ní kí n mú bíríkìlà wá, mo mú bíríkìlà wá. Bí ìka wọn bá jáde nínú ẹ̀rọ yẹn, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí o fura sí wọn, nítorí á jẹ́ pé wọn ò ṣiṣẹ́.”

Káfíńtà, tí kò gbọ́ nǹkan kan, ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Arẹ́lé ló dá sí i. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde, ó gbé ọmọńdinrín sókè.

“Ẹ dán kékeré yìí wò,” ó ní. “Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò ṣe iṣẹ́ kankan rí. Bí ọmọ olówó ló ṣe wà lọ́wọ́ mi.”

Ọmọbìnrin náà fi í sí i. Iná di àwọ̀ ewé. Ará Malete fi tirẹ̀ sí i, òun náà di àwọ̀ ewé. Ó wá ku káfíńtà. Káfíńtà kò ní ọmọńdinrín lọ́wọ́ òsì, ayùn ti mú un lọ nígbà tó ń kan òrùlé ilé-kéwú náà gan-an. Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó fi èyí tó ṣẹ́kù sí i. Pupa. Wọ́n tún un ṣe. Pupa. Mo ń gbọ́ tí ará Malete ń ṣe àdúà lábẹ́lẹ̀. Wọ́n fi í sí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó di àwọ̀ ewé.

Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe mọ̀ wá. Ìka mẹ́sàn-án tó kọ́ ìlú, kò mọ̀ wọ́n. Èyí tó jókòó wòran ló mọ̀.

Láísẹ́ǹsì náà jáde nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Ipò tó kéré jù lọ ni wọ́n fi mí sí: mo lè tún ilé ṣe, n kò lè kọ́ titun. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ẹ kú oríire, Bàbá. Ó wá fi kún un, bí ẹni tó rántí ohun kékeré kan, pé ọdún kan péré ni yóò lò, pé bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun, àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni yóò tún wá tẹ̀ka. Mo béèrè pé kí ni ohun tí wọn yóò gbàgbé nípa wa láàárín ọdún kan. Ó ní bí ẹ̀rọ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

A ṣe iṣẹ́ náà. Mo ní kí wọ́n họ gbogbo ìrẹ́lé tó ti mu omi kúrò lára ògiri ìlà-oòrùn, ọ̀dà pupa bá a lọ. Kí páànù tó dé, òjò mẹ́ta rọ̀ lé e lórí, ìhòòhò ló wà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní àkọ́kọ́. Mo gbé àga mi síbẹ̀, mo wò ó. Àwọn ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ń rọ̀ mí kí n wọlé. Kò yẹ̀. Kò sí ẹni tó kù láti fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú fún mi, nítorí náà èmi ni mo dìde tí mo lù ú. Àwọn ọmọ ti padà síbẹ̀ báyìí. Mo ń gbọ́ ohùn kéwú wọn láti yàrá mi.

Ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá ni àwọn èèrà ti ń gun ògiri, àmì òjò nìyẹn, páànù apá kejì ilé-kéwú náà sì ti dógùn-ún. Ó gbọ́dọ̀ kúrò kí òjò ńlá tó dé, láísẹ́ǹsì mi yóò sì kú ní ìparí oṣù yìí. Ọmọbìnrin oníhíjáàbù ti pè mí lórí fóònù. Ó ní Bàbá, ẹ tètè kó àwọn bàbá wá, nítorí ọkùnrin ọlọ́dà pupa ti ń béèrè ọjọ́ tí ìwé yín máa tán. Mo ní mo gbọ́.

Mo tún jókòó, mo tún ń kà wá. Baba olórí bíríkìlà ti lọ, kí Ọlọ́run fún un ní láádá tó fi lẹ́tà yẹn rà. Ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì ti lọ. Ẹni tó ń tẹ irin ti lọ. Ọ̀rẹ́ mi ará Malete lọ nínú oṣù Rájábù, wọ́n ti sin ín kí bọ́ọ̀sì mi tó dé ibẹ̀. Káfíńtà ṣì wà ní Ṣàngó, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n ó wà. Arẹ́lé ṣì wà ní Ọjà Tuntun, ó ṣì ń béèrè owó mọ́sà rẹ̀. Èmi náà ṣì wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́rìí ara rẹ̀.